Wòléwolé Tó Ń Sáré Lọ́sàn-án Gangan

Aago méje àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ni, ní ọjọ́ Sátidé kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Àwa mẹ́rin la wà nínú pálọ̀ mi ní Ìyànà Ọ̀fà: èmi, ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí wọ́n ti Ìjàyè wá nítorí ètò ìgbéyàwó ọmọ náà, àti alárinà tí ẹbí ọkọ rán sí wa. A ti ń retí obìnrin yìí láti ọjọ́ mẹ́ta. A rò pé ọjọ́ ìdána ló ń bọ̀ wá dá. Ọmọ mi ti gbé omi tútù síwájú rẹ̀, ó sì ti padà lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá.

Alárinà kò fọwọ́ kan omi náà. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó tún un wé. Ó ní, "Wọ́n ní kí n kí yín o. Wọ́n ní kí a ṣì dá ọ̀rọ̀ náà dúró ná."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Èwo la fẹ́ dá dúró? Ṣé ọjọ́ ìdána ni?"

"Gbogbo rẹ̀ ni, mà."

"Kí la ṣe?"

"Ẹ má bínú sí mi. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mò ń jẹ́." Ó wolẹ̀. "Wọ́n ní wèrè wà nínú ilé yìí."

Ẹ̀gbọ́n mi kì í dìde kíákíá, orúnkún wọn kì í jẹ́. Lọ́jọ́ náà wọ́n dìde bí ẹni tí àkekèé ta. "Wèrè? Nínú ilé bàbá tèmi? Ta ni wèrè náà? Dárúkọ rẹ̀ kí n gbọ́!"

Obìnrin náà kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó kàn gbé ojú sókè, ó sì gbé e lé mi.

Mo bojú wẹ̀yìn. Ògiri ló wà níbẹ̀, àti kàlẹ́ńdà.

Ẹni tí kò bá ti àdúgbò wa wá lè má mọ bí irú ọ̀rọ̀ yìí ṣe wúwo tó. Ẹbí kì í gbé ìyàwó kí wọ́n má kọ́kọ́ wádìí. Ẹni tí wọ́n bá rán níṣẹ́ ìwádìí kì í sì í wá kan ilẹ̀kùn yín. Á jókòó síbi kan ládùúgbò, á ra nǹkan díẹ̀, á máa béèrè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́: ṣé olè ò sí nílé yẹn? Ṣé kò sí àrùn tó máa ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn? Ṣé orí wọn pé? Àwa náà ti wádìí tiwọn. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra wọn ló lọ. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń ra ẹ̀gẹ́ tí wọn kò fẹ́ jẹ ní abúlé àwọn àna wa. Wọ́n dé, wọ́n ní ilé náà mọ́. Kò wá sí ọkàn ẹnikẹ́ni nínú wa pé tiwa lè máà mọ́.

"Mo jókòó sídìí ọlọ́sàn kan ní oríta oko ní Sátidé tó kọjá," ni alárinà wí. "Oòrùn ti kàn wá látàrí. Ajá gan-an ò rìn. Mo kàn rí bàbá kan tó ń sáré bọ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé, tí gbogbo ara rẹ̀ ń dán fún òógùn. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, n ò rí ẹni tó ń lé e. Mo wo iwájú rẹ̀, n ò rí ohun tó ń lé. Mo bi ọlọ́sàn pé ta nìyí. Ó ní, 'Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre, wòléwolé wa ni. Láti ìgbà tí ìyàwó wọn ti kú ni.'"

"Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú ni kí ni?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi í.

"Bẹ́ẹ̀ lèmi náà bi í, mà. Ó ní kí n ṣáà máa wò."

Òótọ́ ni pé èmi ni wòléwolé. Iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni mò ń ṣe nígbà náà. Àwa là ń wọ ilé onílé wo ìkòkò omi, wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wo koríko ẹ̀yìnkùlé. Ní àwọn ọdún tí sòbìà ń bá àwọn ará oko jà, àwa la pín asẹ́ fún wọn kí wọ́n lè máa sẹ́ omi odò kí wọ́n tó mu ún. Èmi alára kì í mu omi nílé ẹnikẹ́ni kí n má béèrè. Àwọn ará abúlé kò fẹ́ràn mi, wọ́n ń bẹ̀rù mi, ìyẹn sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo pẹ́ kí n tó wọ ilé ìwé. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà tí mo jókòó ti àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Bí mo bá lanu kàwé, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa ẹnu mọ́, ẹ̀kọ́ náà sì wọ̀ mí lára ju ìṣirò lọ. Ìyàwó mi nìkan ló máa ń ní òun gbọ́ ohun tí n kò sọ.

Ó kú ní ọdún méjì ṣáájú àárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Lẹ́yìn ìsìnkú, nọ́ọ̀sì kan wọn tèmi náà, ó wò ó, ó tún un wọ̀n. Ó ní, "Bàbá, ẹ máa rìn. Lójoojúmọ́ ni kí ẹ máa rìn." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nírọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ kan, láìsí ẹni tó rán mi, mo rí i pé mò ń sáré. N kò lè sọ ìdí rẹ̀. Mo sáré láti ọ̀dọ̀ àwọn aránṣọ títí dé ibi tí títì ti yí, mo dúró, mo sì wò yíká bóyá ẹnì kan rí mi.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ọ̀gá eré ìdárayá wọ ọ́fíìsì wa. Wọ́n fẹ́ sá eré ìje kan ní ìgboro Ìbàdàn, máìlì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, wọ́n sì ń wá òṣìṣẹ́ kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún láti ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan ní, "Ẹ mú wòléwolé àgbà. Ẹsẹ̀ ló fi ń lé àwọn onílé ẹlẹ́gbin." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ kọ orúkọ mi sílẹ̀." Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni mí lọ́dún náà.

Ọ̀gá eré ìdárayá gbà mí nímọ̀ràn kan ṣoṣo. Ó ní, "Bàbá, lọ́jọ́ eré, àwọn ọ̀gá ńlá tó máa fun fèrè kì í tètè dé. Inú oòrùn lẹ máa sá a. Inú oòrùn ni kí ẹ ti kọ́ ọ." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbogbo ọ̀sán Sátidé sáré, láti aago méjìlá, ní oṣù tí ọyẹ́ ti lọ tí òjò kò sì tíì ronú àtibọ̀. Télọ̀ kan bá mi fi aṣọ káakí iṣẹ́ mi àtijọ́ rán ṣòkòtò péńpé. Ó bi mí, "Ṣé ti ọmọ yín ni, sà?" Mo ní tèmi ni. Ó ní, "Tẹ̀yin?" Ó tún mi wọ̀n látìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé ara mi ti yí padà láàárín kan.

Oòrùn ọ̀sán oṣù yẹn kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fojú di. Ọ̀dà títì yọ́, ó ń lẹ̀ mọ́ ìdí bàtà kánfáàsì mi, ó ń dún ṣàṣà bí mo bá gbẹ́sẹ̀. Òógùn á gbẹ lójú mi, á di iyọ̀. Iṣan ẹsẹ̀ á so kókó, màá jókòó sétí oko pákí, màá fi ọwọ́ méjèèjì tú u. Ní máìlì kẹwàá, etí mi á bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Lẹ́yìn ìyẹn, n kì í mọ ohun tí mò ń rò mọ́. Mo fẹ́ràn ibi tí ìrònú ti ń tán yẹn. Bí mo bá ronú nípa rẹ̀ báyìí, ó yẹ kí n ti bẹ̀rù rẹ̀.

Ní Sátidé àkọ́kọ́ tí mo sáré gba ọ̀nà oko kọjá, ìdàrúdàpọ̀ ṣẹlẹ̀. "Wòléwolé ń bọ̀ o! Eré ló ń sá bọ̀ lónìí!" Mo gbọ́ tí ọmọrí ìkòkò ń dún láti ilé dé ilé. Obìnrin kan da gbogbo omi ilé rẹ̀ nù kí n tó dé iwájú rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́," mo sáré kọjá. Ó ń pariwo tẹ̀lé mi pé, "Sà! Sà! Ẹ ò ní wò ó ni?" Nígbà tó di Sátidé kẹrin, wọn kò bo nǹkan kan mọ́. Ọkùnrin kan á ní, "Bàbá, ẹ ṣọ́ra, ó ti ń bá yín bọ̀ lẹ́yìn!" Èkejì á dá a lóhùn, "Kí ló ń lé wọn?" "Ìfẹ̀yìntì ni!" Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ lásán ni gbogbo rẹ̀.

Eré ti Ìbàdàn fúnra rẹ̀ kọ́ ni mo jókòó láti sọ. Mo sá a, mo sì parí rẹ̀. Àwọn tó ń kó àga kúrò nílẹ̀ ló rí mi nígbà tí mo dé.

Nínú pálọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo rí i pé mo ní láti sọ̀rọ̀. Mo ní, "Eré ìje ni mò ń kọ́. Ní Ìbàdàn la ó ti sá a."

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi. N kò tíì sọ fún wọn rí. "Eré ìje? Ìwọ? Ìwọ tó kù díẹ̀ kó o di àna ènìyàn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí ni wọ́n fẹ́ fún ọ níbẹ̀?"

"Wọ́n ní ife kan wà níbẹ̀."

"Ife!" Wọ́n jókòó. "Ó dáa. Alárinà, o gbọ́? Eré ìje ni. Ìranù ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe wèrè. Lọ sọ fún wọn."

Alárinà kò dìde. "Mà, ẹ jọ̀ọ́. Kì í ṣe eré nìkan." Ó wò mí, ó tún gbé ojú kúrò. "Wọ́n ń sọ̀rọ̀."

"Ta ló ń sọ̀rọ̀?" ni mo bi í.

"Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ ń sáré, ẹ ń sọ̀rọ̀ sókè, bí ẹni tó ń dá ẹlòmíràn lóhùn. Kò sì sí ẹnì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín."

Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí. Èmi! Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń ní bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lóòjọ́, òjò á rọ̀. Mo ní, "Irọ́ ni."

Ọmọ mi sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà yàrá. Ohùn rẹ̀ kéré. "Bàámi, òótọ́ ni."

Mo yíjú sí i.

"Mo máa ń gbọ́ ọ bí ẹ bá ń sáré wọ agboolé bọ̀. Mo rò pé ẹ mọ̀."

"Kí ni mo máa ń sọ?"

Ẹkún ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Alárinà ló dáhùn. "Ẹ ní, 'Ní sùúrù, mò ń bọ̀. Mo ti dé orí afárá. Ní sùúrù.' Ẹ sì pe ìyá ọmọ yìí lórúkọ, sà. Ọlọ́sàn ló sọ fún mi pé orúkọ olóògbé ni."

Ẹ̀gbọ́n mi kó ọwọ́ méjèèjì lérí. "Yéè! Ó ń sọ fún òkú pé òun ń bọ̀!"

Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá fi fọ́tò ènìyàn hàn án níbi tí kò lọ rí, tó sì rí i pé ojú òun ni, aṣọ òun ni. Ẹnu tí mo ti ń ṣọ́ láti ìgbà èwe ti ń sọ̀rọ̀ lójú títì, níṣojú ọlọ́sàn, níṣojú gbogbo ayé, èmi nìkan ni kò gbọ́.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni pé mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá.

Ẹ̀gbọ́n mi kò fún mi láyè àtironú. Wọ́n ní kí n wọ agbádá. Kó tó di aago méjìlá a ti wọ ọkọ̀ akérò Lálúpọn, a sọ̀ kalẹ̀ níbi tí ọ̀nà oko ti yà, a sì fi ẹsẹ̀ rìn ìyókù. Abúlé àwọn àna wa jìn sí ilé mi tó máìlì mẹ́jọ. Nínú ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ní, "O ó sọ fún wọn pé o ti fi eré yẹn sílẹ̀. O gbọ́ mi?"

Mo ní, "Mo gbọ́."

"Bí ọmọ yẹn bá pàdánù ọkọ yìí, ta ló máa tún bọ̀ wá béèrè? Ọ̀rọ̀ wèrè ò ní í tán nílẹ̀. Títí ayé ni wọ́n ó máa fi tọ́ka sílé wa."

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà ti dúró de ọmọkùnrin yìí fún ọdún mẹ́ta, kó lè parí ìwé tíṣà rẹ̀.

Abẹ́ igi máńgòrò la ti bá bàbá ọkọ. Àgbẹ̀ ni wọ́n, Mùsùlùmí, wọ́n fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn. Alárinà ti ṣáájú wa débẹ̀. A kí ara wa bó ṣe yẹ, wọ́n sì fún wa ní àga.

Bàbá ní, "Àna wa, ẹ má bínú. Ọmọ yín ò ní àbùkù. Ọmọ tiwa náà ò fẹ́ ẹlòmíràn, ó ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lójúkojú, ó sì bínú jáde. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ-ọmọ là ń wí. Wèrè a máa bá ẹ̀jẹ̀ rìn."

"Ó ti jáwọ́ nínú eré náà, Bàbá," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Láti òní lọ."

"Ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ṣebí wọ́n ní ó ti ń sọ̀rọ̀ báyìí." Wọ́n wò mí. Kò sí yẹ̀yẹ́ lójú wọn. "Kí ni ẹ ń bá òkú sọ?"

Mo fẹ́ sọ pé mo ti jáwọ́. Ohun tó jáde lẹ́nu mi yàtọ̀.

Mo ní, "Lọ́jọ́ tí ìyàwó mi ṣubú, mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ní abúlé kan tó jìn sílé tó máìlì mẹ́ta. Ẹnì kan sáré wá pè mí. Kò sí ọkọ̀. Mo wọ aṣọ ìjọba. Àwọn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wí nítorí ìkòkò omi wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò mí. Mo ní wọn kò ní rí èmi wòléwolé kí n máa sáré níṣojú wọn. Mo rìn."

Ìka Bàbá dúró lórí tẹ̀sùbáà.

"Mo rìn kíákíá. Ṣùgbọ́n mo rìn. Lórí afárá, mo ní, 'Ní sùúrù, mò ń bọ̀.' Nígbà tí mo délé, wọ́n ti fi aṣọ bò ó. Ara rẹ̀ ṣì gbóná. Àwọn obìnrin ilé sọ fún mi pé ẹ̀ẹ̀mejì ló béèrè pé ibo ni mo dé."

Ọdún méjì ni mo fi gbé e mọ́ra. Nígbà tó jáde, ó yà mí lẹ́nu bó ṣe kúrú tó. Ẹ̀gbọ́n mi ti kọ ẹ̀yìn sí mi.

Bàbá tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí tẹ̀sùbáà. Wọ́n ní, "Máìlì mélòó lẹ pè é?"

"Mẹ́ta ni, sà."

"Ẹ sì wá ń kọ́ bí ẹ ó ṣe sá mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n báyìí."

Mo wò wọ́n. N kò tíì fi máìlì mẹ́ta yẹn ti ẹ̀gbẹ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n yìí rí. Ẹni tí n kò bá jókòó sọ̀rọ̀ rí, lábẹ́ igi máńgòrò, ló fi wọ́n ti ẹ̀gbẹ́ ara wọn níṣojú mi.

Bàbá ní, "N ò mọ̀ bóyá wèrè ni, n ò mọ̀ bóyá ọ̀fọ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé wèrè ò mọ aago, wèrè ò sì lè ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Lọ́la, ẹ fi ẹsẹ̀ yín sáré wá síbí láti ilé yín. Ẹ sọ aago tí ẹ ó dé fún mi nísinsìnyí. Bí ẹ bá dé ní aago náà, tí ẹ sì pa ẹnu yín mọ́ títí dé abẹ́ igi yìí, màá mọ̀ pé orí yín ṣì wà lọ́wọ́ yín, ọmọ yín á sì di ìyàwó wa. Alárinà á gun ọ̀kadà tẹ̀lé yín, á máa gbọ́."

"Èmi kẹ̀?" ni alárinà wí. "Lórí ọ̀kadà? Ní kùtùkùtù?"

"Ṣebí ìwọ lo kọ́kọ́ gbọ́ ọ."

Mo ní, "Aago mẹ́jọ."

Nínú ọkọ̀ bí a ṣe ń padà bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi wo ojú fèrèsé títí a fi sún mọ́ ilé. Wọ́n ní, "O rìn." Mo ní, "Mo rìn."

Nírọ̀lẹ́, mo sọ ọ́ fún ọmọ mi. Ó tọ́ kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ó dúró, ó ń wò mí, mo rò pé yóò jáde kúrò nílé. Ó jáde lóòótọ́. Ó gbé bàtà kánfáàsì mi wá láti ẹ̀yìnkùlé, ó jókòó sílẹ̀, ó fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ọ̀dà títì kúrò lára rẹ̀, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì funfun kùn ún. Ó kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Láìgbé orí sókè, ó ní, "Ẹ ṣáà má sọ̀rọ̀ lọ́la, Bàámi. Ẹ jọ̀ọ́."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jáde ní aago mẹ́fà ààbọ̀. Mo fi orín sẹ́nu, mo sì fi eyín dì í mú gírígírí kí ẹnu mi má bàa ṣí láìsọ fún mi. Alárinà wà lórí ọ̀kadà lẹ́yìn mi, ó fi gèlè so orí àti àgbọ̀n pọ̀. Ọlọ́kadà ń rọra wa ọ̀kadà rẹ̀. "Bàbá," ó ní, "ẹ gùn ún ká lọ jàre! Mo lè gbé ẹni méjì." Mo mi orí. Àwọn tó ń lọ sóko dúró létí ọ̀nà. Ọkùnrin ẹlẹ́fẹ̀ yẹn ní, "Háà! Ohun tó ń lé wọn ti ra ọ̀kadà!"

Mo sá máìlì kan, mo sá méjì, ẹnu mi pa mọ́. Mo ń gbọ́ èémí mi nímú. Mo ń ronú nípa ọmọ mi, bó ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà bí mo ṣe ń jáde. Etí mi bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Mo rí afárá níwájú, mo gun orí rẹ̀, orín sì bọ́ sílẹ̀.

Mo gbọ́ ọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí èmi fúnra mi gbọ́ ọ. Ohùn náà kì í ṣe ohùn wèrè, kì í sì í ṣe ohùn ẹlẹ́kún. Ohùn ọkùnrin tó ń jábọ̀ fún aya rẹ̀ ni. Ó ní, "Mo ti dé orí afárá."

"Yéè, sà!" ni alárinà ké lẹ́yìn mi. Ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà kú. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo orín nílẹ̀.

Kò sí ohun tí mo lè ṣe mọ́. Ohun tó jáde ti jáde. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lọ síwájú, àti láti ibẹ̀, mo mọ̀ọ́mọ̀ sọ ìyókù. Mo sọ fún un pé mo ti kọjá oko kòkó. Mo sọ fún un pé mo ti dé oríta ọlọ́sàn. Mo sọ fún un pé ó ṣeé ṣe kí n ti ba ti ọmọ wa jẹ́, kó má bínú. Alárinà ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ ká dé, ọ̀kadà kọjá lára mi, ó sì ṣáájú mi wọ abúlé.

Mo dé ibẹ̀ nígbà tí aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Aago mẹ́jọ ni mo dá, nítorí náà mo dúró lẹ́yìn ọgbà. Mo wo aago ọwọ́ mi títí tó fi pé. Nígbà náà ni mo wọlé lọ sábẹ́ igi.

Bàbá wà níbẹ̀, àti ìyàwó wọn, àti alárinà. Bàbá wo aago tiwọn. Wọ́n yíjú sí alárinà. "Ṣé ó sọ̀rọ̀?"

Alárinà tú gèlè rẹ̀. "Wọ́n sọ̀rọ̀, Bàbá."

"Kí ló sọ?"

"Ibi tí wọ́n dé."

Mo wò wọ́n, mo sì rí i lójú wọn pé àdéhùn ni àdéhùn. Ìyàwó wọn bu omi sínú igbá, ó gbé e fún mi, nítorí pé bí a bá tilẹ̀ fẹ́ lé àlejò, a ó fún un lómi. Òùngbẹ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ọ̀nà ọ̀fun mi ti gbẹ bí ewé tíìkì. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gba igbá náà, mo gbé e dé ètè. Mo dúró.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ ti sẹ́ omi yìí?"

Alárinà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó fi gèlè bo ẹnu. Ìyàwó Bàbá fọwọ́ lé ìbàdí. "A ti sẹ́ ẹ! Asẹ́ tí ẹ̀yin fúnra yín fún wa náà la fi sẹ́ ẹ! Háà, ọkùnrin yìí!"

Bàbá rẹ́rìn-ín títí tẹ̀sùbáà fi bọ́ lọ́wọ́ wọn. "Wèrè wo," ni wọ́n wí, wọn ò lè parí rẹ̀, wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀, "wèrè wo ló sá máìlì mẹ́jọ, tí ọ̀fun rẹ̀ gbẹ, tó ń béèrè bóyá wọ́n ti sẹ́ omi? Wèrè ò sí níbí. Wòléwolé ni. Kò sì sí oògùn tiẹ̀." Wọ́n nu ojú. "Alárinà, bá wọn dá ọjọ́."

Mo mu omi náà tán. Mo tọrọ òmíràn, mo mu ún tán.

Ọlọ́kadà ní òun á gbé mi délé lọ́fẹ̀ẹ́ kí n lè tètè sọ fún ọmọ mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tún okùn bàtà mi so, mo sì sáré lọ sílé.